Tọ́ọ̀pù Datsun 240Z: E88 ni mo bá lórí ẹ́ńjìnnì, ṣé òun ló bá ọkọ̀ wá?

ỌmọBacita (Tankẹ, Ilorin)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni mò ń tún ṣe, Datsun 240Z ti ọdún 1971, ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárìn rẹ̀ wà. Ilé-iṣẹ́ ṣúgà ní Bacita ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, ọwọ́ òyìnbó kan tó ń padà sílé ni wọ́n ti rà á. A gbé e jáde láti Àjàṣẹ́-Ìpo, a ò tíì dé Ìdòfìàn tó fi gbóná kọjá ààlà, omi hó jáde nínú rédíétọ̀. Mẹkáníìkì ti tú tọ́ọ̀pù (orí ẹ́ńjìnnì tí fáàfù wà nínú rẹ̀) sílẹ̀, ó ní ó ti tẹ̀, ká wá òmíràn.

Ibi tó rú mi lójú nìyí. Àmì E88 ni wọ́n kọ sára tọ́ọ̀pù tí a tú. Ẹnì kan tí mo pè ní Lagos ní E31 ni ojúlówó 240Z máa ń ní, pé àwọn kan ti pààrọ̀ tiwa láìjẹ́ kí ẹ̀gbọ́n bàbá mi mọ̀. Òun náà ló wá fi fọ́tò ọ̀kan tó fẹ́ tà ránṣẹ́, ó ní ti 240Z gan-an ni, àmọ́ N42 ni mo rí lára rẹ̀. Owó tó sì ń pè kì í ṣe kékeré.

Ṣé E88 yìí ló bá ọkọ̀ wá àbí òun kọ́? Ṣé kí n ra N42? Kí ni kí n wò kí n tó kówó sílẹ̀?

Mẹkáníìkì Gárèèjì Ọ̀ffà

Àbúrò, má tíì sanwó fún ẹnikẹ́ni. Má sì jẹ́ kí E88 yẹn wà níta níbi tí àwọn tó ń ra irin àlòkù ti ń kọjá, áàlùmínì ni, ojú wọn á tètè wọ̀ ọ́.

Tọ́ọ̀pù méjì ni 240Z lò. E31 ló kọ́kọ́ jáde, òun ló wà lórí àwọn ti 1970 àti apá kan nínú ti 1971. Kí 1971 tó parí ni E88 ti ń gba ipò rẹ̀, òun ni wọ́n sì ń lò lọ títí wọ́n fi dáwọ́ 240Z dúró ní 1973. Ọkọ̀ 1971 tó gbé E88 kì í ṣe ohun ìyanu rárá. Ẹni tó sọ fún ọ pé E31 nìkan ni ojúlówó, ìdajì ọ̀rọ̀ ló gbọ́.

Àmọ́ ẹ̀tàn wà nínú E88 fúnra rẹ̀. Nígbà tí 260Z dé ní 1974, E88 náà ni wọ́n kọ sára tiẹ̀, bẹ́ẹ̀ inú rẹ̀ yàtọ̀. Fáàfù ọ̀nà sàlẹ́ńsà ti 240Z fẹ̀ tó mílímítà 33, ti 260Z jẹ́ 35. Fáàfù ìwọlé àwọn méjèèjì, 42 ni. Ihò ìjóná náà ò dọ́gba: ti E31 ń gba bíi 42 cc, ti E88 ìgbẹ̀yìn ń gba tó 47. Lẹ́tà nìkan ò lè dá ọ lóhùn. Gbé kálípà, kí o wọn orí fáàfù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà lọ́nà sàlẹ́ńsà, torí mo ti rí tọ́ọ̀pù tí wọ́n kó fáàfù oríṣiríṣi sí.

Fún ẹlòmíràn tó bá ń ka èyí: ẹ̀gbẹ́ tí púlọ́ọ̀gì wà ni kí ẹ ti wá lẹ́tà náà, níwájú, nítòsí púlọ́ọ̀gì àkọ́kọ́. Ṣe ló yọ síta lára irin, wọ́n dà á mọ́ ọn ni, wọn ò lù ú wọlé. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti kẹrosíìnì fọ ibẹ̀ kí ẹ tó kà á, epo dúdú lè sọ E88 di nǹkan mìíràn.

Ìbéèrè tèmi: kí mẹkáníìkì rẹ tó yọ tọ́ọ̀pù yẹn, ṣé ó ki igi bọ àárín ṣéènì?

ỌmọBacita

Ẹ ṣé gan-an, ọ̀gá. Mo pè é láti bi í. Ó ní, "Igi wo?"

Mẹkáníìkì Gárèèjì Ọ̀ffà

Yéè! Ẹ́ńjìnnì Datsun onítọ́ọ̀pù yìí, kámúṣáàfù (ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù) ń bẹ lókè, ṣéènì gígùn ló sì ń yí i. Nǹkan kan wà nísàlẹ̀ níwájú tó ń ti ṣéènì kó má baà dẹ̀. Bí o bá ti tú ṣéènì lókè láìfi igi há a, nǹkan náà á fò jáde, kò sì ní padà sáyè rẹ̀ àyàfi bí o bá tú ìbòrí iwájú ẹ́ńjìnnì, ìyẹn lẹ́yìn tí o bá ti tú páńpù omi àti púlì ńlá ìsàlẹ̀. Igi pẹlẹbẹ tí o gé kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín ju òkè lọ, tí o so okùn mọ́ lórí kó má baà jábọ́ sínú, òun ló ń gba èèyàn. Kí ó tan tọ́ọ̀ṣì sínú ibẹ̀ wò. Bí irin yẹn bá ti jáde, ẹ jẹ́ kí ó tú iwájú nísinsìnyí, kó má ṣe di ìgbà tí ẹ bá ti de tọ́ọ̀pù tán.

Alhaji Kulende

Ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ ń da ọmọ yìí láàmú. Ta ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì nílùú Ilorin kó máa ka E31 àti E88? Ra N42. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, fáàfù rẹ̀ tóbi, ẹ́ńjìnnì á mí. Kí o máa wa ọkọ̀ rẹ lọ sí Post Office, kí àwọn ọmọ yunifásítì máa yà ọ́ ní fọ́tò. Ojúlówó, ojúlówó, ṣé ẹ fẹ́ gbé e lọ sí mùsíọ́ọ̀mù ni?

Mẹkáníìkì Gárèèjì Ọ̀ffà

Alhaji, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Òótọ́ ni fáàfù N42 tóbi, 44 níwọlé, 35 lọ́nà sàlẹ́ńsà. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé 280Z ni wọ́n ṣe é fún, láti 1975. Ẹ́ńjìnnì L28 nìyẹn, ihò písítìnì rẹ̀ jẹ́ mílímítà 86, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 2753 cc. L24 ti ọmọ yìí, 83 ni ihò písítìnì, 2393 cc. Tí ẹ bá gbé fáàfù 44 lé ihò 83, ẹ gbọ́dọ̀ fi amọ̀ rírọ̀ wọn àyè tó wà láàrin etí fáàfù àti etí ihò kí ẹ tó dé e pa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ fáàfù lè máa kan ògiri. Èèyàn ń ṣe é, n kò ní irọ́ ni. Àmọ́ iṣẹ́ ni, kì í ṣe pé kí èèyàn kàn gbé e lé.

Ohun kejì tó ń tú àṣírí N42: injector (ẹ̀rọ tó ń fọ́n epo wọlé) ni 280Z ń lò, kò lo kábúrétọ̀. Wo ojú ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, wàá rí ibi tí wọ́n gbẹ́ díẹ̀ lókè ihò kọ̀ọ̀kan kí ẹnu injector lè ráyè. Tọ́ọ̀pù 240Z ò ní i, torí kábúrétọ̀ méjì ló bá a wá. Bí ẹni tó ń tà bá ní ti 240Z ni, ní kó ya ojú ihò yẹn, kó má ya òkè nìkan.

Ìyá Spéàpáàtì (Gate, Ìbàdàn, ọmọ Ọ̀ffà ni mí)

Mo kí yín o, ẹ̀yin ará ilé. Ojú ọjà ni màá fi sọ tèmi. Tọ́ọ̀pù L28 tó wà lọ́jà wa yìí, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ti ara 280Z wá. Nissan Patrol àtijọ́, àwọn tó ń lo pẹtiróòlù, L28 wà nínú wọn náà. Ẹni tó tú Patrol lè má mọ nǹkan kan nípa Z, ó kàn rí i lórí fóònù pé "Z" ń mówó wá, ló bá kọ ọ́ síbẹ̀. Kì í ṣe pé gbogbo wọn ń purọ́, ọ̀pọ̀ ò kàn mọ ohun tí wọ́n ń tà.

Lẹ́tà tí ẹ lè bá pàdé lẹ́yìn N42: N47, P79, P90. N47 àti P79, ihò sàlẹ́ńsà wọn rí roboto, irin tín-ín-rín wà tí wọ́n fi tẹ́ inú rẹ̀. E31, E88 àti N42, onígun mẹ́rin ni. P90 náà onígun mẹ́rin ni, ti 280ZX oní-turbo, nítorí náà ẹ má torí ihò onígun mẹ́rin sọ pé ẹ ti mú un. Ihò ìjóná P79 àti P90 gba tó 53 cc. Ẹ gbé e lé L24, agbára á lọ sílẹ̀ débi pé ẹ ó máa rò pé ọkọ̀ ń fa tírélà.

Tí ẹ bá ń rajà lórí WhatsApp, ẹ má gba fọ́tò lásán. Ẹ pè é lórí fídíò. Kó kọ orúkọ yín àti déètì ọjọ́ náà sórí páálí, kó gbé e lé orí tọ́ọ̀pù náà, kó wá yí kámẹ́rà ká: lẹ́tà, ojú tó ń kan búlọ́ọ̀kù, ojú ihò méjèèjì, àti inú ihò omi. Ẹni tó bá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dára nígbà tí ẹ bá dé ìhà ihò omi, ẹ kí i, kí ẹ sì pa fóònù.

Ọ̀rọ̀ ihò omi yìí ni mo fẹ́ kí ẹ mú ní dandan. Áàlùmínì ni tọ́ọ̀pù yìí, irin ni búlọ́ọ̀kù. Omi kànga àti omi bóòhòòlù tí a máa ń dà sí rédíétọ̀ láìfi kúláàǹtì sí i, áàlùmínì ló ń jẹ. Etí ihò omi á ti jẹ títí dé ibi tí gásíkẹ́ẹ̀tì ń tẹ̀. Lẹ́tà rẹ̀ lè jẹ́ E31 pọ́ńbélé, kó dà bí eyín tó ti kẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ṣóńṣó ìṣó. Tó bá ń rún, ẹ padà lẹ́yìn rẹ̀.

Bàbá Òmù-Àrán

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Inú mi dùn pé ẹnì kan ṣì ń ṣe ọkọ̀ yìí. Ìran tiwa ò lè gbàgbé rẹ̀: 1971, Edgar Herrmann àti Hans Schüller fi 240Z gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje Safari Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, 1973, Shekhar Mehta tún fi 240Z gbà á. Ojú ọ̀nà yẹn burú ju Ọ̀tẹ̀-Ògbómọ̀ṣọ́ ìgbà kan lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ ti fo ìgbésẹ̀ kan. Kí a tó bi tọ́ọ̀pù, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi búlọ́ọ̀kù. Ọmọ, ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Páálí irin kékeré kan wà lára páànù nítòsí orí ṣọ́kì, wo nọ́ńbà ṣàsí àti ti ẹ́ńjìnnì lórí rẹ̀. Ọkọ̀ tí sítíárìn rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún láti ilé-iṣẹ́, HS30 ló máa bẹ̀rẹ̀ ṣàsí rẹ̀. Bí o bá rí HLS30, ọwọ́ òsì ló wà tẹ́lẹ̀, ẹnì kan ló yí i. Ọdún 1971 náà bá ìtàn rẹ mu, torí apá òsì ojú ọ̀nà la ṣì ń gbà wakọ̀ ní Nàìjíríà nígbà yẹn, ọwọ́ ọ̀tún sì ni sítíárìn ń wà. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972 la ṣí sí apá ọ̀tún ojú ọ̀nà.

Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì gan-an wà lára búlọ́ọ̀kù, lápá ọ̀tún, lẹ́yìn, níbi tí búlọ́ọ̀kù àti tọ́ọ̀pù ti pàdé. L24 ló máa bẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà á tẹ̀lé e. Bí ti ara búlọ́ọ̀kù àti ti páálí bá jọra, ẹ́ńjìnnì tó bá ọkọ̀ yẹn wá ni.

Tọ́ọ̀pù kò ní irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó lè búra pé tọ́ọ̀pù kan pàtó ni wọ́n dè mọ́ búlọ́ọ̀kù kan pàtó ní Japan. Ohun tí a lè sọ ni pé irú rẹ̀ ló tọ́ sí ọkọ̀ náà lọ́dún náà. Ẹni tó bá ń bá ọ sọ̀rọ̀ pé "matching" ni tọ́ọ̀pù òun, ìyẹn pé òun gan-an ló bá ẹ́ńjìnnì wá, bi í pé kí ni ó fi mọ̀.

Alhaji Kulende

Bàbá, ẹ kú ọgbọ́n o. Èmi ò kọ̀ pé ó dáa. Mo kàn ní kí ọmọ máà gba ààwẹ̀ tí kì í ṣe dandan.

Tọ́nà Pákátà

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló wọn tọ́ọ̀pù yẹn tó fi sọ pé ó ti tẹ̀? Ojú lásán ni àbí rúlà irin? Datsun fúnra wọn ní bí àfo rẹ̀ bá ti ju 0.1 mílímítà lọ ló tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Gbé rúlà irin lé ojú tó kan búlọ́ọ̀kù, lóròó, níbùú, àti láti igun dé igun, kí o máa ki fílà-gééjì 0.1 (irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín tí a fi ń wọn àfo) bọ abẹ́ rẹ̀. Tí kò bá wọlé níbì kankan, tọ́ọ̀pù rẹ wà láàyè.

Tó bá wọlé, ẹ má sáré wá ní kí n fá ojú ẹ̀. Èyí ni ọ̀pọ̀ ò mọ̀: bí tọ́ọ̀pù bá tẹ̀, ìhà òkè tí kámúṣáàfù ń jókòó lé náà ti tẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Bí mo bá fá ìsàlẹ̀ nìkan, ìsàlẹ̀ á gún, òkè á ṣì wọ́. Ẹ dán an wò: tú gbogbo ráńkà (apá kékeré tí kámúṣáàfù fi ń tẹ fáàfù) kúrò, kí o fi ìka méjì yí kámúṣáàfù. Tó bá yí pẹ̀lẹ́ láìdúró, ó dára. Bó bá ń há láàrin, ká kọ́kọ́ fi iná àti ìdè tẹ tọ́ọ̀pù náà padà kó gún, kí a tó fá nǹkan kan. Ẹ má tú àwọn ibùjókòó kámúṣáàfù kúrò lórí tọ́ọ̀pù, ẹ má sì gba ti tọ́ọ̀pù mìíràn pọ̀ mọ́ ọn. Tọ́ọ̀pù kọ̀ọ̀kan ni wọ́n gbẹ́ tirẹ̀ fún.

Gíga tọ́ọ̀pù L24 tí ẹnikẹ́ni ò tíì fá, bíi mílímítà 108 ni. Fi kálípà wọn ọ́n níwájú àti lẹ́yìn. Àwọn ìgbà kan wà tí tọ́ọ̀pù tí wọ́n ń pè ní ojúlówó ti bá mi wá, tí wọ́n ti fá a débi pé ṣéènì ti gùn jù fún un. Nígbà yẹn, táímìǹgì kámúṣáàfù á sún sẹ́yìn. Ihò mẹ́ta tó wà lójú jíà òkè, tí wọ́n kọ 1, 2, 3 sí, òun la fi ń tún un ṣe díẹ̀; bí ó bá kọjá ti ihò kẹta, ká fi páànù sábẹ́ ibùjókòó kámúṣáàfù ni.

Ìyá Spéàpáàtì

Tọ́nà, Ọlọ́run ó máa fún ọ ṣe. Màá fi kálípà sí àpò mi láti òní lọ.

ỌmọBacita

Mo ti ṣe gbogbo ohun tí ẹ ní kí n ṣe. HS30 ni ṣàsí, nọ́ńbà ara búlọ́ọ̀kù àti ti páálí sì jọra. Fáàfù ọ̀nà sàlẹ́ńsà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jẹ́ 33, ti ìwọlé 42. Kò sí ibi tí wọ́n gbẹ́ lókè ihò. Gíga rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí 108.

Fún ihò ìjóná, mo ra síríǹjì ńlá ní ilé oògùn, mo fi gíríìsì yí etí ihò ká, mo gbé ike pẹlẹbẹ tó mọ́ kedere lé e, mo ti lu ihò kékeré méjì sí i, ọ̀kan fún kẹrosíìnì, èkejì fún afẹ́fẹ́. Púlọ́ọ̀gì wà láyè rẹ̀, fáàfù ti pa. Mo ń rọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ títí èéfò afẹ́fẹ́ tó kẹ́yìn fi jáde lábẹ́ ike. Kò dé 45.

Rúlà irin ni mo wá gbé lé e. Fílà-gééjì 0.1 wọ abẹ́ rẹ̀ láàrin, àmọ́ kò wọlé púpọ̀. Kámúṣáàfù ń yí, ó kàn ń lọ́ra díẹ̀ lápá àárín.

Irin tó ń ti ṣéènì ti fò jáde lóòótọ́. Mẹkáníìkì ń tú iwájú báyìí, kò sì bá mi sọ̀rọ̀.

Mẹkáníìkì Gárèèjì Ọ̀ffà

Ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. E88 ti 240Z ni, irú tó tọ́ sí ọkọ̀ rẹ lọ́dún rẹ̀. Má ra nǹkan kan. Má sì wá E31 fi rọ́pò rẹ̀ nítorí pé ẹnì kan ní òun ló dáa jù. Nísinsìnyí tí iwájú ti ṣí, pààrọ̀ ṣéènì àti àwọn ohun tó ń tọ́ ọ sọ́nà, kí o má tún ṣí i mọ́. Bí ráńkà kan bá ti jẹ, wá ẹni tó ń tú Datsun 180B, ìdílé ẹ́ńjìnnì kan náà ni, ó wọ̀ ọ́.

Tọ́nà Pákátà

Gbé e wá bí ó ti wà, pẹ̀lú kámúṣáàfù àti ibùjókòó rẹ̀ lórí rẹ̀. Fáàfù nìkan ni kí o yọ, kí o so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ nọ́ńbà ihò rẹ̀. A ó dí ihò omi, a ó ki afẹ́fẹ́ sí i nínú dírọ́ọ̀mù omi gbígbóná ká wo ibi tí èéfò ti ń jáde, kó má jẹ́ pé ó ti sán láàrin fáàfù méjì ká máa fá ojú lásán. Tó bá sán, ẹni tó ń fi ágọ́ọ̀nì jó o wà nítòsí wa. Ká tó tẹ̀ ẹ́ padà kó gún ni ká ti ṣe ìyẹn, torí iná ìjó tún lè wọ́ ọ.

Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun, bóòtù 14 tí o ti fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ẹsẹ̀ wọn. Gígùn àti kúkúrú wà nínú wọn, ya àwòrán ipò wọn sórí páálí, kí o gún ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ àyè rẹ̀.

ỌmọBacita

Mo ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá mi. Mo ti sọ fún ará Lagos pé mi ò rà mọ́.

Alhaji Kulende

Ṣé N42 yẹn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀? Fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀. Patrol mi ní L28, tọ́ọ̀pù rẹ̀ ti sán láti ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀.